Bí A Ti Ń Yan Ọ̀bẹ Oko

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ òwe yìí, tí a sì ti lò ó nínú àròkọ wa, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti dúró ro ohun tí èèkù fúnra rẹ̀ jẹ́. Àwọn tí ó pa òwe náà kò wí pé bí ọwọ́ kò bá tẹ ojú idà. Wọn kò sì wí pé bí ọwọ́ kò bá tẹ ṣóńṣó rẹ̀. Èèkù ni wọ́n dárúkọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé níbẹ̀ ni agbára ẹni tí ó mú idà gbé wà. Bí ọ̀rọ̀ idà ti rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ oko rí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìwé yìí ni pé ibi tí ojú kì í tètè rí lára ọ̀bẹ ni ó ń sọ bí ọ̀bẹ náà bá dára tàbí bí kò bá dára.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọ̀bẹ tí mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná, kì í ṣe ọ̀bẹ kékeré tí a ń ká sínú ara rẹ̀ kí a tó fi í sínú àpò, kì í sì í ṣe àdá. Ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ dúró gbọn-in nínú èèkù ni, tí kò ṣe é ká, tí a ń fi sínú àkọ̀, tí a sì ń so mọ́ ìbàdí nígbà tí a bá ń lọ sí oko tàbí sínú igbó. Ní àyíká Ọ̀fà níhìn-ín, níbi tí iṣu àti ọkà bàbà ti jẹ́ ohun ọ̀gbìn wa láti ayébáyé, iṣẹ́ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Òun ni a fi ń gé okùn tí a fi di ẹrù. Òun ni a fi ń gbẹ́ ẹnu èèkàn. Òun ni a fi ń ha eérú kúrò lára iṣu tí a sun. Òun náà ni a sì fi ń bó awọ ọ̀yà tàbí òkété bí pàkúté bá mú un. Àdá ni a fi ń ṣán igbó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ ṣe iṣẹ́ àdá yóò ṣẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi àdá ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ yóò gé ara rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti iwájú, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀yìn.

Mo ní láti sọ ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo fi owó tí mo ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ ra ọ̀bẹ kan ní ọjà ìlú kan tí èmi kò ní dárúkọ. Ọ̀bẹ náà ń dán bí dígí. Èèkù rẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀ mọ̀ràn. Wọ́n fín àwòrán ẹyẹ idì sí i lára. Èmi kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, mo sanwó, mo sì ń yangàn lọ sí ilé. Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ sí oko bàbá wa láti gbẹ́ èèkàn tí a ó fi gbé ọwọ́ iṣu ró. Mo ń fi ọ̀bẹ náà gbẹ́ igi tútù, àbúrò mi sì bá mi di orí kejì igi náà mú. Bí mo ti tẹ ọ̀bẹ mọ́ kókó kan, tí mo sì yí ọwọ́, irin náà yọ kúrò nínú èèkù. Èèkù kù sí mi lọ́wọ́. Irin fò, ó sì bá ọwọ́ òsì àbúrò mi. Ó gé iṣan ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. A gbé e lọ fún ìtọ́jú, ọgbẹ́ náà sì jinná, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí ìka náà kò ká mọ́. Nígbà tí ó bá di ọkọ́ mú, mo máa ń rí ìka kan tí ó na gbọọrọ láàárín àwọn yòókù, èmi kì í sì í lè wò ó pẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi kó irin àti èèkù náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé wọn tọ alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa lọ. Àgbàlagbà náà kò bú mi. Ó yí irin náà padà ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì na ìdí rẹ̀ sí mi.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “wo èyí tí ó wọ inú èèkù.”

Èyí tí ó wọ inú èèkù kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Oje líle kan ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, èmi kò lè rí i nígbà tí mo rà á.”

Ó dáhùn pé, “Èyí tí o kò lè rí ni kí o béèrè.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nínú ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ mi wà. Àlàyé rẹ̀ ni ìyókù.

Ohun èkíní tí a ó béèrè ni ọ̀nà tí irin gbà wọ inú èèkù. Ọ̀nà rere méjì ni mo mọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, irin ọ̀bẹ fẹ̀, ó sì gùn tó èèkù látòkè délẹ̀. A fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há a láàárín, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, a sì fi ìṣó tí ó la gbogbo wọn já kàn wọ́n pọ̀. Irú èyí kò ṣòro láti mọ̀, nítorí pé bí a bá wo ẹ̀yìn èèkù, a ó rí irin bí ìlà funfun láàárín igi méjèèjì. Nínú èyí kejì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku ni ó wọ inú igi, ó la á já, ó sì yọ ní ìdí èèkù, níbi tí alágbẹ̀dẹ ti fi ọmọ owú lu orí rẹ̀ kí ó má ba à lè padà. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ jù: wọ́n a mú kí ìdí irin náà pọ́n nínú iná, wọ́n a sì tì í bọ inú igi kí ó jó ọ̀nà fún ara rẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Finland, ní àríwá Yúróòpù, ní ọ̀bẹ kan tí wọ́n ń pè ní puukko, tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ wọn ń so mọ́ ìbàdí. Bákan náà ni wọ́n ti ń ṣe èèkù rẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wọn. Ibi tí òjò dídì ń bọ́ àti ibi tí oòrùn ń pani, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n rí.

Bí irin kò bá hàn ní ẹ̀yìn èèkù, tí kò sì hàn ní ìdí rẹ̀, nígbà náà ni kí ìfura wọ inú wa. Kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé, báwo ni irin inú rẹ̀ ti gùn tó? Bí kò bá lè dáhùn, kí a gbé ọ̀bẹ náà lé orí ìka kan, ní ibi tí irin àti èèkù ti pàdé. Bí ìhà irin bá sáré tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí èèkù sì fò sókè bí ìyẹ́ adìẹ, ó ṣeé ṣe kí inú èèkù náà ṣófo. Kí a sì gbọn ọ̀bẹ náà ní ẹ̀bá etí. Bí ohunkóhun bá ń ró nínú rẹ̀, kí a dá a padà fún olówó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a di èèkù náà mú. Ìlú Ọ̀fà ni a wà, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò; kò yẹ kí a tún máa kọ́ ọmọ Ọ̀fà ní ohun tí dídì mú jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yọ̀ ni yóò ṣubú. Èèkù rere a máa kún àtẹ́lẹwọ́; gígùn rẹ̀ a tó bí íǹṣì 4 tàbí 4½, kí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ríbi jókòó. Kò gbọdọ̀ rí roboto bí ọ̀pá, nítorí yóò máa yí ní ọwọ́. Ó dára kí ó tẹ́ díẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ó dára kí ibi tí ó súnmọ́ irin yọ díẹ̀ bí ìkòríta, kí ọwọ́ tí ó ní òógùn tàbí ọ̀rá ẹran má baà yọ̀ lọ bá ojú ọ̀bẹ. Ní ti igi, àyin àti igi ẹmì, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Àwọn méjèèjì le, wọn kì í sì í tètè sán. Igi tí ó bá gbẹ dáadáa ni kí a lò. Igi tútù yóò sún kì, irin yóò sì máa mì nínú rẹ̀.

Ohun kejì ni irin fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ń wa òkúta irin ní ilẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ ọ pẹ̀lú èédú nínú ìléru amọ̀. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé ìyọ́rin kan tí ó rí ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n irin òkèèrè ti ń wọlé, ọkọ̀ ojú irin sì mú kí ó pọ̀ sí i. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Jẹ́bà, tí ó dé ní 1909. Láti ìgbà náà, àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò ní ìdí láti yọ́ irin mọ́. Irin tí ẹlòmíràn ti lò tán ni wọ́n ń rọ. Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni ó sì wọ́pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ tí ó dára.

Ìdí ha ni tí wọ́n fi yan sípíríǹgì, tí wọn kò yan irin ojú fèrèsé? Gbogbo irin kọ́ ni ó lè le. Ohun tí ó ń jẹ́ kí irin le ni kábọ́ọ̀nù, èyí kan náà tí èédú jẹ́. Irin tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò tó ìpín 3 nínú 1,000, bí irin ìṣó, kò lè le dáadáa, bí ó ti wù kí alágbẹ̀dẹ làágùn tó. Ti sípíríǹgì tó nǹkan bí ìpín 6 nínú 1,000. Ti fáìlì àtàtà tó ìpín 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; nítorí náà ni fáìlì fi le púpọ̀, tí ó sì máa ń ṣẹ́ bí ó bá bọ́ lórí òkúta. Ọ̀bẹ oko ń fẹ́ èyí tí ó wà láàárín: kí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò fi ní tètè kú, kí ó má sì gan tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n irin rere nìkan kò tó. Iná àti omi ni ó ń parí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ yóò fẹ́ ẹwìrì títí irin yóò fi pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́, nǹkan bí ìwọ̀n 800 ti Celsius. Ní ìwọ̀n 770, òòfà kì í lè fa irin mọ́. Àmì kan nìyí tí ọlọgbọ́n alágbẹ̀dẹ lè fi dán iná rẹ̀ wò. Nígbà náà ni yóò ri ojú ọ̀bẹ náà sínú omi tàbí òróró lójijì. Irin náà yóò le, ṣùgbọ́n yóò gan bí àwo. Nítorí náà, yóò tún mú un padà síbi iná rọra, yóò máa wo àwọ̀ tí ń sáré ní ojú rẹ̀: àwọ̀ koríko gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ yọ, ní nǹkan bí ìwọ̀n 220, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn rẹ̀ elésè àlùkò, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ aró, ní nǹkan bí ìwọ̀n 300. Bí a bá dúró ní àwọ̀ koríko gbígbẹ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀bẹ yóò mú pẹ́. Bí a bá jẹ́ kí ó dé aró, ó di ti sípíríǹgì, tí ń tẹ̀ tí kì í ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin ní ojú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí ó sì ń fà yọ náà ni ojú wa kò ní rí ní ọjà.

Báwo ni a ó ti mọ̀ ọ́n nígbà náà? Kí a ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ra ìkòkò: wọ́n a fi ìka kàn án, wọ́n a sì tẹ́tí. Bí a bá fi ìka lu irin ọ̀bẹ tí ó pé, yóò dún. Èyí tí ó ti sán níbì kan yóò ró bí ìkòkò fífọ́. Bí ẹni tí ń tà á bá gbà, kí a fi fáìlì fà á lójú ní ibi kékeré kan. Bí fáìlì bá wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ igi, irin náà rọ̀. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, tí ó sì ṣòro kí ó tó jẹ ẹ́, iná àti omi ti ṣe iṣẹ́ wọn.

Ẹnìkan lè béèrè pé, irin tí kì í dípẹtà ńkọ́? Harry Brearley ni ó ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ ní Sheffield ní 1913. Ó fi nǹkan bí ìpín 13 kùrómíọ̀mù nínú 100 sí i. Ohun rere ni, pàápàá fún ẹni tí ń gbé ibi tí omi pọ̀. Ṣùgbọ́n dídán kọ́ ni mímú. Àwọn kan wà tí kì í dípẹtà, tí kábọ́ọ̀nù inú wọn kò sì tó láti le. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó kún orí àtẹ, tí wọ́n ń dán, tí ojú wọn sì ń kú lẹ́yìn iṣu mẹ́ta. Èmi yóò kúkú gba ọ̀bẹ dúdú lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tí mo mọ ilé rẹ̀, tí mo lè padà tọ̀ lọ bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀.

Ohun kẹta ni ìwọ̀n àti ìrísí. Ọ̀dọ́mọkùnrin a máa fẹ́ ọ̀bẹ gígùn, nítorí pé ó dà bí idà. Íǹṣì 4 tàbí 5 tó fún gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí ó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì kò ní tẹ̀, kò sì ní wúwo jù. Kí ojú rẹ̀ gùn ní títọ́, kí ó sì wá rọra tẹ̀ sókè sí ṣóńṣó. Èyí dára fún igi, ó sì dára fún awọ ẹran. Kí a yàgò fún èyí tí wọ́n gé eyín ayùn sí lẹ́yìn, nítorí pé eyín náà kì í rẹ́ igi dáadáa, kì í sì í jẹ́ kí a lè fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ.

Ohun kẹrin ni àkọ̀. Àwọn àgbà wí pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Bí ó ti rí gan-an nìyẹn: bí ojú ọ̀bẹ bá ń kan okùn tí a fi rán àkọ̀, yóò gé e díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan yóò sì yọ bá itan ẹni tí ó so ó. Kí a ní kí oníṣẹ́ awọ fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ojú rírán náà láàárín, kí ó di ògiri fún okùn. Bí a bá ti oko dé, kí a má ṣe fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú awọ tí ó tutù. Kí a nù ún, kí a fi òrí tàbí àdí pa á lára, kí a sì fi í sí ìta àkọ̀.

Ní ti pípọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ọgbọ́n kan hàn yín tí a lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò pẹ̀lú. Igun ìwé jẹ́ ìwọ̀n 90. Ẹ ṣẹ́ igun náà sí méjì, ó di 45. Ẹ tún un ṣẹ́, ó di 22½. Ẹ gbé ìwé náà ka orí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ sì gbé ọ̀bẹ lé ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí ó ti yẹ kí ọ̀bẹ oko dagun sí òkúta nìyẹn, ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀bẹ tí ó kú ni kò léwu. Ọ̀bẹ tí ó kú ni a ń fi agbára tì, ohun tí a bá sì fi agbára tì ni kì í dúró ní ibi tí a fẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó fọ́n ká sí ilé-ìwé ńlá àti kékeré. A ó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí oko ilé-ìwé, a ó sì fi irin lé wọn lọ́wọ́. Òbí tí ó fà wọ́n lé wa lọ́wọ́ kò ní wà níbẹ̀ láti wo ìdí ọ̀bẹ. Àwa ni yóò wò ó. Kí a wò ó kí a tó ra, kí a sì tún wò ó ní àràárọ̀ kí a tó pín in. Kí a sì kọ́ wọn pé ọ̀bẹ oko kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, kò sì ní iṣẹ́ ní ọjà tàbí níbi àríyá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan ti ọdún 1988 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mú irú rẹ̀ kiri ní gbangba láìní ìdí rere. Bí ó bá sì tó àkókò láti fi ọ̀bẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí àwa fúnra wa di ẹ̀yìn irin mú, kí a sì na èèkù sí i.

Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ náà rọ fún mi wà pẹ̀lú mi títí di òní. Dúdú ni, kò sì ní àwòrán idì. Ní ìdí èèkù rẹ̀, irin yọ bí orí ìṣó, ó sì ń dán níbẹ̀ nìkan, nítorí pé àtàǹpàkò mi máa ń wá a lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e dé ilé, àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ mi, kò wo ojú rẹ̀, kò dán mímú rẹ̀ wò. Ó yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Èèkù ni ó na sí mi.